Oògùn tí Akunlé Fi Pamọ́

Ọ̀dà funfun ṣì wà ní ìpéǹpéjú akunlé náà lọ́jọ́ tó wá ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn, ó sì ti dijú pinpin kí abẹ́rẹ́ tó kàn án rárá.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun àkàbà lójoojúmọ́?" Obìnrin tó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Àkàbà kì í ta èèyàn lápá, Àǹtí Abẹ́rẹ́."

Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Ọkùnrin náà sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Èsì àyẹ̀wò ò dáa. Abẹ́rẹ́ ṣàlàyé pé ọ̀rá kì í dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Hóró tín-tìn-tín ló ń gbé e kiri. Tiẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà tó lọ sọ́kàn sì ń há.

"Èmi tí mo rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí?"

"Kò kan sísanra. Ó lè wá láti ìdílé. Ẹ ṣáà máa lo oògùn yín lálaalẹ́."

Ó ń lò ó, títí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó òun àti Abẹ́rẹ́ fi dé. Àrùn ọkàn ló sọ ìyá Abẹ́rẹ́ di opó, ó sì ti búra pé òun ò ní fọmọ fún ẹni tó ní in. Abẹ́rẹ́, tó mọ̀ ju gbogbo wọn lọ, ló wá sọ pé, "Olólùfẹ́, má jẹ́ kí màmá rí oògùn yẹn o."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó fẹnu ara ẹ̀ sọ! Akunlé kó lọ sílé ìyá láti bá a kun gbogbo yàrá lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì fi oògùn sílẹ̀ sílé tiẹ̀. Ìyá ń pè é lọ́kọ mi. Oṣù ń gorí oṣù, Abẹ́rẹ́ ò bi í bóyá ó ń lò ó. Ayọ̀ ò jẹ́ kó bi í.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, akunlé di àyà mú ní pálọ̀, ó sì ṣubú lulẹ̀.

Orí kó o yọ, àmọ́ apá kan ọkàn rẹ̀ ti kú. Abẹ́rẹ́ sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Èmi ni mo ní kó fi oògùn pamọ́ fún yín, màmi."

Ìyá fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Bàbá ẹ náà fi tiẹ̀ pamọ́ fún mi. Inú bàtà ẹ̀ ni mo ti rí i, lẹ́yìn tá a sin ín tán. Mo máa ń lérí fún un pé mi ò lè fẹ́ olókùnrùn. Ẹnu mi yìí náà ló fà á."

Ó bu omi, ó sì fi oògùn lé akunlé lọ́wọ́. "Ọkọ mi, gbé e mì lójú mi."

"Ṣé ẹ ṣì máa fún mi lọ́mọ yín, mà?"

"Ta ló ń gbà á lọ́wọ́ ẹ?"

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọkọ ò lè jó ju ìṣẹ́jú kan lọ. Abẹ́rẹ́ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́, Abẹ́rẹ́ mi."

Òótọ́ ló sọ. Abẹ́rẹ́ gan-an ni kò tíì dárí ji ara rẹ̀.