Lẹ́tà Tí Ó Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi Lọ Sí Ìbàdàn

Nígbà tí Dàpọ̀ kọ́kọ́ fojú kan Ọmọ́kẹ́mi ní Ìbàdàn, odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi rí oorun sùn. Ìfẹ́ yìí ni wọ́n gbé wá sí Laurel, ní Maryland, ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọdún 1994, kò sí àyè fún ìfẹ́ nínú fúláàtì wọn mọ́. Ẹrù ti gbà á tán.

Iṣẹ́ méjì ni Ọmọ́kẹ́mi ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ohun tó bá ti rà, inú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé ló ń lọ: bàtà, ìkòkò, aṣọ ojú fèrèsé. Túndùn, àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn, ni yóò bá a kó o pamọ́ de ọjọ́ tí wọ́n bá padà sílé. Ẹrù lórí àga, ẹrù lórí tábìlì. Ìdúró ni Dàpọ̀ ń jẹun.

"Kẹ́mi, jókòó tì mí ká jọ jẹun. Ẹ̀ẹ̀kan péré lóòjọ́ ni mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ jẹ́ n di eléyìí tán ná. Àbí ẹ ò ní wọ bàtà tá a bá délé ni?"

"Bàtà mọ́kànlélógún! Ẹsẹ̀ mélòó l'Ọlọ́run fún mi?"

Ọmọ́kẹ́mi tún ki bàtà mìíràn bọ inú dúrọ́ọ̀mù.

Àǹtí Modúpẹ́, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, a máa jókòó jẹ́ẹ́ nínú mọ́tò rẹ̀ láràárọ̀ kó tó wọlé iṣẹ́, á máa bá Jésù sọ̀rọ̀.

"Ọmọ́kẹ́mi, o ò ráyè f'Ọ́lọ́run, o ò ráyè fún ọkọ. Ta lò ń sáré fún gan-an?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ráyè, Àǹtí, ẹ ṣáà máa bá wa gbàdúrà."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹwàá, àwọn agbẹ́rù fẹ́ wá kó dúrọ́ọ̀mù. Ọmọ́kẹ́mi fi apá gbá gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì sínú èyí tó kẹ́yìn, ó sì dé e pa. Dàpọ̀ kò sùn sílé lọ́jọ́ náà. Kò sì padà wá mọ́. Ìgbéraga kò jẹ́ kí aya rẹ̀ wá a.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Túndùn tẹ̀ ẹ́ láago.

"Sìsítà mi, ẹrù ti dé o. Ṣùgbọ́n kí ni lẹ́tà Bọ̀dá Dàpọ̀ ń ṣe nínú ìkòkò?"

"Lẹ́tà wo? Kà á!"

Túndùn kà á: "Kẹ́mi, olólùfẹ́ mi, mo ti ríṣẹ́ sí Houston. Bọ́ọ̀sì mi á gbéra láago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé. N óò máa retí rẹ ní ibùdókọ̀. Má gbé ẹrù kankan dání. Ìwọ nìkan ni mo fẹ́. Bí mi ò bá rí ọ, mo ti mọ ohun tí o yàn."

Nọ́ńbà fóònù kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, Ọmọ́kẹ́mi tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò rí i! Inú dúrọ́ọ̀mù ló bọ́ sí!"

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ni Dàpọ̀ wí pẹ̀lẹ́. "Inú dúrọ́ọ̀mù lèmi náà ti wà tipẹ́, Kẹ́mi. Ìfẹ́ náà ti tán nínú mi." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú yìnyín, Ọmọ́kẹ́mi ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò Àǹtí Modúpẹ́, ó sì wọlé.

"Ṣé Jésù á dá ọkọ mi padà fún mi?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ó máa gbà ọ́."

Ọmọ́kẹ́mi sunkún títí. "Jésù, ẹrù ni mo sọ di ọlọ́run mi. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Ṣàánú mi."

Dàpọ̀ kò padà. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Ọmọ́kẹ́mi fi iṣẹ́ kejì sílẹ̀, ó fi ẹrù tọrẹ. Láràárọ̀, ó ń jókòó jẹ́ẹ́ níwájú Olúwa. Ọjọ́ mìíràn ń bẹ tó jẹ́ pé ẹkún nìkan ni àdúrà rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ń sun ún mọ́: Jésù wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? O ní o kò tí ì ráyè fún Ọlọ́run. Ohun tó lọ lọ́wọ́ obìnrin yìí lọ pátápátá. Ẹkún kò dá a padà. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àyè àánú náà yóò lọ bẹ́ẹ̀. Lónìí, Jésù ṣì ń pè ọ́. Fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀. Jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Un nísinsìnyí, kí o tó dìde níbẹ̀.