Àmì Pupa Tó Wà Lókè Bẹ́ẹ̀dì Ìyá

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àrìnkẹ́ gbé oúnjẹ ìyá rẹ̀ láti Ìjù-Odò wá sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Òkìtìpupa. Àdá ló gé ìyá lẹ́sẹ̀ lóko, egbò náà kẹ̀, wọ́n sì ti dá a dúró láti àná. Ara ìyá ti ń balẹ̀, ó ń sùn. Àfi bí Àrìnkẹ́ ṣe gbójú sókè tó rí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan lára ògiri, lókè bẹ́ẹ̀dì. Orúkọ ìyá wà lójú rẹ̀, àmì pupa kan sì ń ṣẹ́jú lábẹ́ orúkọ náà. Ó wo àwọn bẹ́ẹ̀dì yòókù. Kò sí àmì pupa lókè ọ̀kankan.

Ó yára pe nọ́ọ̀sì tó ń kọjá.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ti pupa yìí?"

Nọ́ọ̀sì Helen, tó ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn lọ, kò dúró. "Ti àwa òṣìṣẹ́ nìyẹn, mà. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Bó bá jẹ́ ohun rere, kí ló dé tí wọn ò lè sọ ọ́? Àrìnkẹ́ rántí ohun tí obìnrin kan wí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, pé aláìsàn tí wọ́n bá ti mọ̀ pé kò ní yè, àmì ni wọ́n máa ń fi sí i, kí wọ́n má baà fi oògùn gidi ṣòfò. Ó tún ṣàkíyèsí pé gbogbo nọ́ọ̀sì tó wá ló kọ́kọ́ ń wo ẹ̀rọ náà kó tó wo ojú ìyá. Ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà tó ń ṣọ́ wọn? Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bo ẹ̀rọ náà pátápátá.

Lọ́sàn-án, àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn gba iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì Jésùtómi gbé abẹ́rẹ́ wá. Ó rí gèlè náà, ṣùgbọ́n ojú ń kán an, kò ṣí i. Ó gún ìyá lábẹ́rẹ́, ó lọ.

Kò pẹ́ tí ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Ètè rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú.

"Àrìnkẹ́, ọ̀fun mi," ló wí. Kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àrìnkẹ́ sáré pe dókítà. Dókítà Ọdúnlámì fa gèlè náà wálẹ̀, ó ka ojú ẹ̀rọ, ó wo ìgò abẹ́rẹ́ tí Jésùtómi lò. Kíá ló gún ìyá ní abẹ́rẹ́ mìíràn nítan, wọ́n sì fi atẹ́gùn sí i nímú. Ó tó wákàtí kan kí ìyá tó lè mí délẹ̀.

"Ta ló fi aṣọ bo èyí?"

"Èmi ni, sà. Mo rò pé ẹ ti kà wọ́n mọ́ òkú ni."

Dókítà tọ́ka sí àmì pupa náà. "Àmì yẹn ń sọ pé oògùn pẹnisílíìnì ò bá ara ìyá yín mu. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún wa lánàá tí wọ́n dé, pé abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n gbà ní ìlú Òde-Ayé ti wú wọn lójú rí. A gbé e síbẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú wọn lè kọ́kọ́ rí i." Ó yíjú sí Jésùtómi. "Abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì tó jẹ́ ti aláìsàn bẹ́ẹ̀dì kejì lo gún wọn. Gèlè bo ẹ̀rọ. Ṣé ó bo ẹnu rẹ tí o ò fi lè bèèrè orúkọ wọn ni?"

Jésùtómi kúnlẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní wọ́ọ̀dù náà, wọ́n ní kó lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Helen wá bẹ Àrìnkẹ́ lọ́jọ́ kejì pé ó yẹ kí òun ti dúró dá a lóhùn. Àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn sì pàṣẹ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa ka ojú ẹ̀rọ sókè létí aláìsàn àti ará ilé rẹ̀, kó bèèrè orúkọ, kó tó fún un ní oògùn.

Ìyá lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i níbẹ̀. Nígbà tí Àrìnkẹ́ jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ gèlè fún un, ìyá yíjú sí i.

"Ṣé o ò lè jí mi kí o bi mí ni?" ló wí.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ̀rọ tí ẹ kò bá kà kò lè gba ẹnikẹ́ni là, ẹ sì má fi ìtumọ̀ rẹ̀ pa mọ́ fún ará ilé. Ìwọ tí o gbé èèyàn rẹ lọ sílé ìwòsàn, sọ oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà fún wọn. Bí ohunkóhun bá kọ ọ́ lóminú, bèèrè, kí o sì dúró gbọ́ èsì. Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n ìfura tí kò bèèrè ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá Àrìnkẹ́.