Lékeléke Fọ Ẹja Pa

"Ẹja kẹrin ti kú o! Màmá, ẹ tún ti da oúnjẹ sínú omi yìí, àbí ẹ ò dà á?"

Alágbàfọ̀ ni ọkùnrin tó ń pariwo. Lékeléke ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí aṣọ funfun tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá kì í gbé àbàwọ́n kankan délé. Ó dúró ti àpótí gíláàsì kan ní pálọ̀, ó fi ṣíbí gbé òkú ẹja pupa kékeré kan sókè. Mẹ́fà ló rà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó ku méjì, àwọn náà sì ń yanu lójú omi bí ẹni tó sáré gun òkè.

Ìyá ìyàwó rẹ̀, tí orúnkún dídùn gbé wá sọ́dọ̀ wọn, gbójú sókè láti orí àga.

"Mo fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ta ni kì í jẹun?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ó ti yé mi. Nǹkan tí kò bá tíì bàjẹ́ nílé yìí, ọwọ́ yín ni kò tíì kàn án."

Màmá dìde, ó di ògiri mú, ó wọ yàrá. Kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ ìró síìpù báàgì.

Ìyàwó Lékeléke sáré jáde láti ilé ìdáná. "Bàbá wọn, kí lẹ sọ fún ìyá mi?"

"Òótọ́ ni mo sọ."

"Nítorí ẹja tí kò tó ìka?"

"Ìka ni, ọwọ́ ni, ẹ̀mí ṣáà ni!"

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ẹnìkan fi kanlẹ̀kùn. Obìnrin tó ń yẹ omi wò ní ilé-iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ni, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wá gbà. Ó rí ṣíbí, ó rí òkú ẹja, ó rí Màmá tó ń wọ́ báàgì bọ̀.

"Ẹ kú ilé o. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹja ló kú," ni ìyàwó Lékeléke dáhùn, "ìyá mi ló ń kó jáde."

"Màmá, ẹ dákun, ẹ jókòó díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó pa ẹja."

Ó mú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó bu omi àpótí sí i, ó kán oògùn àyẹ̀wò sí i, ó sì mì ín. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀, omi náà di àwọ̀ ewé.

"Bó bá dára ni, àwọ̀ òróró ni ì bá ní. Amóníà ló wà níbẹ̀. Ìtọ̀ ẹja, ìgbẹ́ rẹ̀, àti oúnjẹ tó ń rà ló ń dà á. Májèlé ni."

"Ìtọ̀ kẹ̀? Nínú omi tó mọ́ gaara báyìí? Èmi tí mò ń fọ̀ ọ́!"

"Báwo lẹ ṣe ń fọ̀ ọ́?"

Lékeléke nàró. "Màá da omi rẹ̀ nù pátá. Màá fọ òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Màá yọ fóòmù inú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, màá rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì, màá ṣan án lẹ́ẹ̀méje. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, kò ní rùn. Lẹ́yìn náà ni màá pọn omi ẹ̀rọ tuntun sí i."

Obìnrin náà fọwọ́ lérí. "Ọjọ́ wo ni èkíní kú?"

"Ọjọ́rú."

"Ọjọ́ wo lẹ fọ àpótí?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Èkejì ńkọ́?"

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta."

"Ọjọ́ wo lẹ fọ̀ ọ́?"

"Ọjọ́ Ẹtì… "

"Èyí tó wà nínú ṣíbí yìí ńkọ́?"

Lékeléke fi ṣíbí náà pamọ́ sẹ́yìn.

"Àná ló fọ̀ ọ́," ni ìyàwó rẹ̀ bá a dáhùn. "Ó tilẹ̀ ń súfèé."

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn kòkòrò kan wà tí ojú ò lè rí. Inú fóòmù yẹn àti ara òkúta ni wọ́n ń gbé. Àwọn ló ń jẹ amóníà kí ó má bàa pa ẹja. Wọn ò tíì sí nínú àpótí tuntun. Ó lè gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Bí wọ́n bá ṣe ń fìdí kalẹ̀ báyìí, ẹ̀yin á gbé bílíìṣì dé!"

"Fóòmù yẹn dọ̀tí. Ó ń yọ̀."

"Ohun tó ń yọ̀ yẹn, àwọn gan-an nìyẹn!"

"Kí èmi alágbàfọ̀ wá máa wo ìdọ̀tí níran?"

"Ẹ máa wò ó níran! Ẹja kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀tì! Omi ẹ̀rọ yẹn pàápàá, àwa la da kúlórínì sí i kó lè pa kòkòrò tó ń ṣe èèyàn níbi. Kò mọ tiyín yàtọ̀, ó sì ń jó ẹja níbi tó fi ń mí."

Màmá tẹ́tí. "Èmi kọ́ ni mo pa wọ́n nìyẹn?"

"Ẹ ní ìpín díẹ̀ níbẹ̀, Màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ti pọ̀ jù."

"Mo gbà. Ẹni tó bá ṣe díẹ̀, kí wọ́n fi díẹ̀ bú u."

Lékeléke na ọwọ́ sí báàgì. "Màmá, ẹ má bínú. Mo ṣìsọ ni."

"O ò ṣìsọ. O rò ó, o sì sọ ọ́." Ó pẹ́ kí ó tó jọ̀wọ́ okùn báàgì náà. "Gbé e padà sí yàrá. Má sì fọ nǹkan kan nínú rẹ̀."

Lọ́jọ́ náà, wọ́n pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi àpótí, wọ́n fi oògùn tó ń pa agbára kúlórínì sí omi tuntun, wọn ò sì fún ẹja lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì. Ọ̀kan tún kú. Ẹyọ kan ló yè.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sin ẹja nílé, ẹ má ṣe kánjú. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ nínú omi láìsí ẹja, kí ẹ máa fi oúnjẹ ẹja bín-ń-tín sí i kí àwọn kòkòrò rere lè rí nǹkan jẹ. Ẹ ra oògùn àyẹ̀wò lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja. Àfi ìgbà tí kò bá sí amóníà mọ́, tí kò sì sí náítíráìtì, ìyẹn májèlé kejì tí amóníà ń dà, ni kí ẹ tó kó ẹja díẹ̀ sí i. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sẹ̀, ẹ má dà á nù tán. Ẹ máa fi oògùn tó ń pa agbára kúlórínì sí omi ẹ̀rọ. Gbígbé e kalẹ̀ mọ́jú kì í fi gbogbo ìgbà tó. Bí fóòmù bá dí, omi tí ẹ bù jáde nínú àpótí ni kí ẹ fi ṣan án díẹ̀. Ọṣẹ àti bílíìṣì, rárá o. Lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, oúnjẹ tí ẹja lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì ti tó.

Bí ẹja bá sì kú, ẹ yẹ omi wò kí ẹ tó yẹ ará ilé wò.