Ohun Funfun Orí Àpáàdì

"Ta ló da iyọ̀ síbí?"

Àjíkẹ́ ló ń bi ara rẹ̀ léèrè, lórí ìkúnlẹ̀, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Jùbrílù bàbá rẹ̀, ní abúlé wọn lẹ́bàá Ẹgbẹ́dá. Àpáàdì, àfọ́kù ìkòkò, ni wọ́n tò mọ́ra fi tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Lánàá ló fọ̀ ọ́, tó fi àdí pa á, tó ń dán. Láàárọ̀ yìí, ohun funfun kan ti bò ó bí ìyẹ̀fun. Ó nù ún kúrò. Kó tó jẹun ọ̀sán tán, ó tún ti yọ. Ó tọ́ ọ lá. Ó korò.

Yìgì Fàtímọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni àwọn àna máa jókòó sí. Ìyá Àjíkẹ́ ti kìlọ̀ fún un: "Ọṣẹ ni kí o fi fọ̀ ọ́. Fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa, kí o jẹ́ kó gbẹ dénú. Àpáàdì máa ń mumi. Tó bá gbẹ tán, fi omi èèpo irúgbá pa á kó lè dí ojú rẹ̀, kí o tó fi àdí lé e."

Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é kó wá wo àwọn jagunjagun tó ń ti ogun Ìjàyè bọ̀. Kó lè tètè tán, omi eérú líle ló dà sílẹ̀. Kò ṣàn án. Kò lo omi irúgbá rárá. Orí ọ̀rinrin ló ta àdí sí, ó sì sáré jáde.

Ní báyìí, kò fi ọkàn sí ìyẹn mọ́. Èwo wá ni funfun yìí? Ṣé ẹnì kan ò fẹ́ kí yìgì náà yẹ wọ́n ni? Orí rẹ̀ dàrú. Ó wá rántí Hàjàrá, ọmọ ìyàwó kékeré bàbá rẹ̀, tó gbé igbá iyọ̀ kọjá lánàá. Ó tọ bàbá rẹ̀ lọ.

"Bàbá, Hàjàrá ló da iyọ̀ sórí ilẹ̀ yín."

Hàjàrá bú sẹ́kún. "Bàbá, mi ò tilẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀!"

Bàbá ò gbọ́. Ó ní kí Hàjàrá máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ títí yìgì yóò fi kọjá. Láti ìgbà náà, ìyá Hàjàrá ò kí ìyá Àjíkẹ́ mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, funfun tún yọ, ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àjíkẹ́ dúró, ó ń wò ó. Hàjàrá kò sí nílé. Ta ló wá dà á? Ó mú ọ̀bẹ, ó yọ àpáàdì kan. Abẹ́ rẹ̀ tutù rinrin, ó ń rùn bí omi eérú. Ó wá rántí omi eérú tó dà síbẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, Hàjàrá kọ́. Omi eérú tí mo fi fọ ilẹ̀ ló ń jáde, tó ń gbẹ di funfun. Mi ò ṣàn án, mi ò jẹ́ kó gbẹ."

"Ṣé o rí i tó da iyọ̀ náà ni?"

"Rárá, Bàbá. Kò yé mi ni."

"Kò yé ọ, o sì ti mọ ẹni tó ṣe é?"

Àjíkẹ́ dìde. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú Hàjàrá wálé, tó sì bẹ ìyá Hàjàrá. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ bó àdí náà kúrò, ó ṣàn án títí apá fi ń ro ó. Ilẹ̀ kò gbẹ kí ọjọ́ yìgì tó pé, abẹ́ igi òrombó ni wọ́n ti so ó. Hàjàrá wá. Ó dá Àjíkẹ́ lóhùn nígbà tó kí i, ṣùgbọ́n kò bá a jẹun nínú àwo kan náà.

Ohun tí Àjíkẹ́ kọ́ nìyí, ìwọ ọ̀dọ́: ohun tí kò bá yé ọ, sọ pé kò yé ọ, kí o sì kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ. Má ṣe wá ẹni tí o máa dì í rù.