Irun Funfun Lápá Títí

Títí kú láàárọ̀ Ọjọ́rú. Ọmọ ọdún méje ni. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, omi wà nínú ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó ń sá fún un. Gbogbo Ìsọlọ̀ ló mọ̀ pé dìgbòlugi ni.

Nígbà tí Oyèlékè woléwolé fi máa dé, àdúgbò ti dájọ́. Wọ́n ti lu ajá Fákúnlé, ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru, pa, wọ́n ní kí baba náà kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ajá pupa onírun kúkúrú ni. Fákúnlé ní ó ṣì mu omi láàárọ̀ yẹn, Oyèlékè sì rí abọ́ tó ti lá a dé ìdajì. Ajá dìgbòlugi kì í lè gbé omi mì bẹ́ẹ̀.

Ó bi Sàfúrátù alágbàfọ̀, ìyá ọmọ náà, léèrè ibi tí ajá ti gé e jẹ. Obìnrin náà ní iwájú ilé Fákúnlé ni ajá ti gé Títí jẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. Oyèlékè tú aṣọ kékeré tí wọ́n so mọ́ apá ọmọ náà. Irun ajá ni wọ́n dì sínú rẹ̀, nítorí àwọn kan gbà pé irun ajá tó géni jẹ ló ń wo ọgbẹ́ sàn. Irun náà funfun, ó gùn tó ìka.

“Ìyá Títí, ta ló fún yín ní irun yìí?”

“Ọ̀gá tí mò ń fọṣọ fún ni, l'Ájàó Estate. Ọgbà wọn ni ajá wọn ti gé e jẹ. Wọ́n ní tí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.”

Babáṣọlá lọ̀gá náà, ó ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun. Owó epo rọ̀bì tó kún ìlú ti sọ ọ́ dolówó. Ó ní ajá òun wà l'Ábẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ó di ikùn mú kó tó jókòó. Oyèlékè rí káàdì ọsibítù lórí tábìlì. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi mẹ́rìnlá ni wọ́n ti gún un níkùn, wọ́n sì gún àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kejì tí ajá gé Títí jẹ.

“Ajá yín gé ẹ̀yin náà jẹ.”

Babáṣọlá jẹ́wọ́ pé òun ti yìnbọn pa á. Òkè òkun ló ti kó ajá náà wọlé láìní ìwé ìwọ̀lú. Ó ní tí ọmọ náà bá dé ọsibítù, wọ́n á bèèrè ajá, láísẹ́ǹsì tí òun fi ń kó ọjà wọlé á sì lọ.

“Ẹ̀yin gba abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá,” ni Oyèlékè wí. “Ẹ fún ọmọ ọlọ́mọ nírun.”

“Ìyá ẹ̀ ló gbà pé irun ń ṣiṣẹ́.”

Oyèlékè mú káàdì náà lórí tábìlì. Ó fa Babáṣọlá lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ó padà s'Ísọlọ̀, ó sọ òtítọ́ fún àdúgbò. Wọ́n bẹ Fákúnlé pé kó máa bá wọn ṣọ́ ilé lọ. Baba náà ti di ajá rẹ̀ sínú àpò, ó gbé e kọ́ èjìká.

“Ajá tó ń bá mi ṣọ́ yín lẹ pa,” ló wí, ó sì lọ.