Soren Rò Pé Òun Ti Wọlé

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní ìlú kékeré kan tó wà létí adágún, ní Minnesota nílẹ̀ Amẹ́ríkà, pé orí Soren Halvorsen pé. Òun náà mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyọnu rẹ̀ wà. Ó ku oṣù díẹ̀ kó parí ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà tí yunifásítì ńlá kan gbà á. Arne, bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ pépà, tó sì ti ń dá tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ra fìlà yunifásítì náà. Ó ń dé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Láti ìgbà náà ni Soren ti pa ìwé tì. Ó fi ìṣirò gíga sílẹ̀, ó mú ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè dípò rẹ̀. Físíìsì àti kẹ́místírì tó kù, kì í débẹ̀. Ìyáàfin Pruitt, olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́, pè é jókòó.

"Soren, àwọn ẹ̀kọ́ tó o ní wàá ṣe lọ́dún yìí wà lára ohun tí wọ́n wò kí wọ́n tó gbà ọ́. Wọ́n á tún béèrè èsì rẹ níparí. Wọ́n lè gba àyè náà padà o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ẹni tó ti wọlé kì í tún kan ilẹ̀kùn."

Micah Bruun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ni Soren fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ jù, nítorí pé ọmọ náà ń gbàdúrà kó tó jẹun, kì í sì í fi ìwé ṣeré.

"Pásítọ̀, o ò tíì kúrò nídìí ìwé? Ṣé Jésù ò lè bá ẹ ṣe ìṣirò yẹn ni?"

"Kò bá mi ṣe é rí," ni Micah wí. "Ṣùgbọ́n rọra o, Soren. Ìgbéraga yìí á gbé ẹ ṣubú."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre!"

Èsì jáde. Soren fìdí rẹmi nínú físíìsì àti kẹ́místírì. Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi pè é láti yunifásítì, ohùn rẹ̀ tutù bí omi: wọn kò lè gbà á mọ́. Arne wà nídìí ààrò, ó ń din ẹja, ó ń súfèé. Soren la ẹnu, ìtìjú pa á dé. Ó ní òun á sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la dé, ó tún sún un síwájú.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìwọlé ṣe dé. Arne gbàyè níbi iṣẹ́, ó kó ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀: ibùsùn, fìríìjì kékeré, àti kúbùsù tí ìyá ọmọ náà fọwọ́ rán. Wọ́n fi gbogbo òwúrọ̀ rìn.

Nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì náà, ọmọbìnrin tó ń gbà wọ́n wọlé wá orúkọ Soren títí.

"Ẹ má bínú sà, mi ò rí i."

"Tún un wò! Halvorsen. Ọmọ mi ni, wọ́n ti gbà á tipẹ́." Ohùn Arne ròkè, àwọn èèyàn ń wò wọ́n. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Sọ fún un, Soren!"

Soren wolẹ̀. "Dádì, wọn ò gbà mí mọ́. Mo ti mọ̀ tipẹ́."

Arne kò nà án, kò pariwo. Ó ṣí fìlà, ó gbé e sórí tábìlì, ó jáde.

Láti ìgbà náà, bàbá àti ọmọ ń gbé bí ayálégbé méjì. Soren ríṣẹ́ abọ́ fífọ̀ nílé ọtí kan. Kò pẹ́ tó fi ń mu àṣẹ́kù ọtí àwọn oníbàárà. Ó mutí yó wakọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ náà yọ̀ lórí yìnyín, ó sì lọ kọ lu igi. Orúnkún rẹ̀ fọ́ yángá. Arne dé ẹnu ọ̀nà yàrá ilé-ìwòsàn, kò lè wọlé.

Micah ló wọlé. Ó ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga wálé fún Àjọ̀dún Ìdúpẹ́ tí wọ́n ń ṣe lóṣù Kọkànlá.

"O wá fi mí rẹ́rìn-ín, àbí? Ó tọ́ sí mi."

"Rárá o. Mo wá jókòó tì ẹ́ ni."

Soren ní, "Ìwé tí mi ò kà ló bayé mi jẹ́."

"Ìwé nìkan kọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ìgbéraga ni, àti irọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n. Yunifásítì lè lé ẹ. Jésù tó kú fún ẹ kò tíì lé ẹ. Sọ ohun tó ò ń fi pa mọ́ fún un."

Ẹkún gbọn Soren. "Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Mo gbéra ga, mo dójú ti bàbá mi. Ṣàánú mi. Gbà mí."

Orúnkún ò yéé ro ó, ṣùgbọ́n ẹrù tó ti ń rù látìgbà tí yunifásítì ti kọ̀ ọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí Micah pe bàbá òun wá.

"Dádì, ẹ dárí jì mí."

Arne wọlé. "Mi ò tíì lè ṣe é, Soren." Ó fa àga. "Ṣùgbọ́n mi ò lọ."

Yunifásítì kò gbà á padà. Ó ń tiro títí dòní, ó ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ gíga kékeré kan tó wà nítòsí wọn, ó ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní Olúwa, kò sì bo nǹkan kan mọ́ fún bàbá rẹ̀.

Ìwọ tó ò ń kà á yìí ńkọ́? Wọ́n ti rì ọ́ bọmi ní kékeré, ò ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá rẹ ń gbàdúrà fún ọ, o sì rò pé ó ti parí. Kí lò ń ṣe ní kọ̀rọ̀? Ta lò ń parọ́ fún? Soren rí ẹni bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kò rí i. Má ṣe dúró de ibùsùn ilé-ìwòsàn. Jésù ń gbọ́ ọ níbi tó o wà yìí. Jẹ́wọ́ fún un lónìí.