Ojú Tó Wà Láyà Oyèníkẹ́

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 2024, Oyèníkẹ́ Adéjùmọ̀ kú sí ilé ìwòsàn ní Calgary. Ní ọjọ́ tí wọ́n sin ín, àwọn ẹbí rẹ̀ ti ibojì dé, wọ́n sì rí i pé ojú tó máa ń há mọ́ àyà ti di àwátì.

Ojú ni lóòótọ́. Àwòrán ojú ọkùnrin kan, ẹyọ kan ṣoṣo, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Oyèníkẹ́ fúnra rẹ̀ ló yà á, ó fi dígí bò ó, ó fi idẹ yí i ká. Nọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n bí kò bá ti sí lẹ́nu iṣẹ́, àwòrán kéékèèké ló ń yà.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, Adésọjí wọ ilé Oyèníkẹ́ ní Auburn Bay, àdúgbò kan ní Calgary. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ni. Ó ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ n'Íbàdàn títí ó fi fẹ̀yìntì, kó tó wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní New Brighton, nítòsí ibẹ̀. Kò sunkún níbi ìsìnkú. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó.

Àbúrò wọn obìnrin, Ìmísíolúwa, tó ti Toronto wá sin òkú, kò jẹ́ kó jókòó tán.

"Bọ̀ọ̀dá, mo fẹ́ pe police. Tósìn ló jí i. Ọmọ basement yẹn."

"Kí lo fi mọ̀?"

"Àwa mẹ́ta péré la sùn sínú ilé yìí mọ́jú ọjọ́ ìsìnkú: èmi, Dámiláre ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, àti òun. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn fi ojú náà sínú envelope, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Bó ṣe lẹ̀ pa náà ni mo ṣe tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n fi sin ẹ̀gbọ́n mi. Láàárọ̀, wàhálà òkú kò jẹ́ kí n rántí. Nígbà tí a padà dé, dúrọ́ọ̀ ti ṣí, wọn ò já a. Ta ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé ju ẹni tó ń jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi lójoojúmọ́ kọ́ṣẹ́?"

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

"Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Inú ife búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń yàwòrán ló máa ń wà."

Adésọjí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá lè dà fún Tósìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní basement, yàrá abẹ́ ilé náà, ni. Ìwé tó fi ń gbé Canada máa tó parí, ó sì ń dúró de òmíràn. Bí orúkọ rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ olè, ó lè di ẹni tí wọ́n dá padà sí Lagos.

"Fún mi di ìrọ̀lẹ́," ló wí.

Ó lọ fa dúrọ́ọ̀ náà. Envelope tí wọ́n ti fà ya wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwòrán kékeré mìíràn wà, obìnrin òyìnbó kan nínú férémù wúrà. Ó ti lé ní igba ọdún. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tobias Lisle, tó ń ya àwòrán ní London láyé ọjọ́un, ló yà á. Owó tí Oyèníkẹ́ fi rà á tó ra mọ́tò. Ojú mẹ́ta tí Oyèníkẹ́ fi dánra wò kó tó ya èyí tó sọnù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan gé irun òkè ojú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Adésọjí mú ọ̀kan, ó fi sápò.

"Olè fi wúrà sílẹ̀, ó gbé idẹ lọ," ló wí.

"Bóyá kò mọ iyì wúrà náà."

"Tósìn ni kò mọ̀ ọ́n?"

Ìmísíolúwa ti dúrọ́ọ̀ náà pa.

"Kí ló wà láàárín ìwọ àti ọmọ náà?"

"Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Ó ní ọwọ́ mi ò fara balẹ̀. Ọmọ tí kò bá a tan ló wá ń kọ́. Ó ń dùn mí, Bọ̀ọ̀dá, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n n ò jalè."

Níta, chinook ti ń fẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti orí òkè wá, tí ọ̀sán kan rẹ̀ lè yọ́ snow tó ti ń kó jọ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Omi ń kán látorí òrùlé. Àwọn aládùúgbò ti ṣí fèrèsé. Nínú ilé yìí, wọ́n fa kọ́tìnnì bo ilẹ̀kùn gíláàsì tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ta ló fa kọ́tìnnì yìí?"

"Dámiláre. Àtàárọ̀ ló ti ń wo ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó yá ló fà á pa."

Adésọjí sọ̀kalẹ̀ lọ sí basement. Tósìn kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Daddy."

"Dìde. Sọ̀rọ̀ Lisle yìí fún mi."

Ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là díẹ̀. "Aunty mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà ni. Nígbà yẹn, tí olówó kan ní London bá ń fẹ́ ẹni tí kò yẹ kó fẹ́, á ní kí Lisle ya ojú onítọ̀hún fún òun. Ojú kan péré. Tó bá jẹ́ gbogbo face, àṣírí tú nìyẹn. Orí eyín erin tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń yà á sí. Á di èémí mú kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n. Nígbà tó darúgbó, ojú ẹ̀ fọ́. Aunty ní ó ná ojú tiẹ̀ tán sórí ojú ẹlòmíì."

"Níbo ni Oyèníkẹ́ ti rí eyín erin?"

"Piano àtijọ́ kan tí wọ́n ń kó dànù ni, sà. Aunty yọ eyín ẹ̀, èyí tí ọwọ́ ń tẹ̀; eyín erin ni wọ́n fi ṣe é. Watercolour lásán ló wà lórí ẹ̀. Tí omi bá kàn án, it's finished." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Lisle máa ń fi irun onítọ̀hún sẹ́yìn àwòrán, kó fi dígí mìíràn dé e. Aunty náà ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mo rí i, torí èmi ni mo bá wọn dé e ní hospital. Láti ìgbà náà, wọn ò bọ́ ọ kúrò láyà mọ́."

"Ojú ta ni?"

Tósìn tẹrí ba. "Mo ṣèlérí, sà. Aunty ní onítọ̀hún ló gbọ́dọ̀ dá a mọ̀ fúnra ẹ̀. Tí mo bá sọ, mo ti ba iṣẹ́ àwọn jẹ́."

"Wọ́n fẹ́ pe ọlọ́pàá sí ọ."

"Mo gbọ́." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Daddy, èmi náà jowú ojú yẹn. Wọn ò yà mí rí. But I no fit thief am."

Adésọjí bá Dámiláre, ọkọ olóògbé, ní kíṣìnnì. Ó ń ro tíì tí kò ní ṣúgà nínú. Ilé iṣẹ́ epo ní downtown ti fún un láyè kó ṣọ̀fọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí Ìmísí pe police, kí ọ̀rọ̀ yìí tán."

"O ti rí ojú náà dáadáa rí?"

"Òkèèrè ni mo ti ń wò ó. Ta ló fẹ́ sún mọ́ ojú ọkùnrin mìíràn láyà ìyàwó rẹ̀?"

"O bi í léèrè?"

"Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wò ó dáadáa. Ẹni tó ń kú lọ, Ẹ̀gbọ́n, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Adésọjí ń wo òkè ojú rẹ̀ ọ̀tún, ibi tí àpá ìgbà tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ léwe gé irun sí. "Bóyá kò sí ọkùnrin mìíràn."

"Kò sí kẹ̀? Irun ta ló wá wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Ṣíbí dúró nínú ife.

"Inú envelope tó lẹ̀ pa ni ojú náà wà," Adésọjí wí. "Kó tó débẹ̀, àyà Oyèníkẹ́ ló wà. Nínú gbogbo wa, Tósìn nìkan ló rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwọ tó ń wò ó lókèèrè, báwo lo ṣe mọ̀ pé irun wà níbẹ̀?"

Dámiláre gbé ife náà sílẹ̀.

"Olè ìbá gbé wúrà. Ẹni tó kórìíra ojú yẹn ló gbé e. Ìwọ lo gbé e, Dámiláre. Ẹ̀yìnkùlé lo jù ú sí. Ìdí nìyẹn tí o ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo bí snow ṣe ń yọ́."

Dámiláre fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Wọ́n fẹ́ fi sin ín. Kí ọkùnrin kan máa bá ìyàwó mi sùn nínú ilẹ̀. Nígbà tí Ìmísí wọ balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo mú kọ́kọ́rọ́. Mo fa envelope ya. Mo yí ojú náà padà, mo rí irun. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo jù ú sínú snow. Mo rò pé ó di May kó tó yọ."

"O wá ń wo ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n ń pè ní olè."

"Owú ni, Ẹ̀gbọ́n. Àní mo rí àpá náà. Mo ní, ó tiẹ̀ wá ẹni tó jọ mí. Ṣùgbọ́n ojú òsì ni ó yà. Ọ̀tún ni àpá tèmi. Irun yẹn kò sì lè jẹ́ tèmi. Ìyá mi kọ́ mi pé irun ẹni kì í sùn síta. Gbogbo ìgbà tí Oyèníkẹ́ bá gẹrun fún mi, èmi ni mo ń kó o dà sí toilet."

"Gbogbo ìgbà?"

Dámiláre mú ọwọ́ kúrò lójú. Ó ní, "Lásìkò Christmas, wọ́n pè mí láti ibi iṣẹ́. Ó ní kí n lọ gbọ́ phone, òun á gbá a."

Adésọjí fà á dìde, ó mú un lọ síwájú dígí balùwẹ̀. Ó yọ àwòrán inú àpò rẹ̀, ó kọ ojú rẹ̀ sí dígí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Dámiláre.

"Dígí nìkan lo fi ń rí ara rẹ, dígí sì ń yí ènìyàn padà. Oyèníkẹ́ yà ọ́ bí òun ṣe ń rí ọ. Wò ó."

Nínú dígí, ojú kékeré àti ojú ńlá wà nínú ilé kan náà. Àpá wọn wà níbì kan náà.

Dámiláre jáde gba ilẹ̀kùn gíláàsì, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú omi snow, ó ń fi ọwọ́ wá a. Ìmísíolúwa rí gbogbo rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí basement láìsọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ tó ní, "Tósìn, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ìdí fẹ́ǹsì ni Dámiláre ti rí ojú náà. Omi ti gba abẹ́ dígí wọlé. Àwọ̀ bíi ti tíì tó dà sára aṣọ ló kù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Ó ṣì kù díẹ̀, àbí?"

Adésọjí gbà á, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Kò kù," ló wí, ó sì dá a padà fún un.

Ohun tí Oyèníkẹ́ fi sílẹ̀ nìyí: àwòrán Tobias Lisle nínú wúrà, ife búrọ́ọ̀ṣì, tí Ìmísíolúwa ní kí Tósìn máa mú lọ, eyín piano tí kò tíì gé, ojú mẹ́ta tó fi dánra wò, tí kò fẹ́ràn ìkankan nínú wọn, idẹ róbótó kan, àti irun dúdú díẹ̀ lábẹ́ dígí ẹ̀yìn rẹ̀ tí omi kò rí wọ̀, clipper kan nínú àpótí rẹ̀, tí irun ọkọ rẹ̀ ṣì há sí i léyín.